Òjò Orí Afárá

Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún bi í ní ìbéèrè kankan ju ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé sí lọ, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì ń béèrè ìyẹn náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró níwájú pátákó tó ń da ìbéèrè bo ọmọ ọlọ́mọ. Láàárín ọdún mẹ́rin péré, ayé ti gbàgbé pé ó mọ nǹkan kan. Ẹ wá wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù pè é lórí fóònù pé àwọn ń wá olùdámọ̀ràn lórí ìwé. Súùtù tó ti ń sùn nínú àpótí jí. Tíṣà so táì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún odidi wákàtí kan kí mọ́tò tó wá gbé e tó dé.

Ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù yìí, ìwé àtijọ́ ni, ti ayé Ọbabìnrin Fitóríà, nígbà tí wọ́n ń tẹ ìtàn jáde díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, tí òǹkọ̀wé kò sì kánjú lọ síbì kankan. Ojú ìwé ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ni. Bí ìjì bá ń jà, èèyàn lè fi í ti ilẹ̀kùn. Ọmọ oníṣẹ́ aago kan ló wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ kú, tó wá ń tọ́jú ilé fún adájọ́ kan tó jẹ́ ahun paraku. Atukọ̀ kan fẹ́ ẹ sọ́nà, ó bá ọkọ̀ òkun lọ, ọdún mẹ́sàn-án sì kọjá láìgbúròó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà dé wẹ́rẹ́: òun ti padà, kó wá bá òun lórí afárá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bó bá ṣì ń fẹ́ òun.

Ìwé yìí ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama títí eyín rẹ̀ méjì fi ká. Ní ìlú wọn, bí o bá ju òkò, orí ẹni tó kọ́ ló máa bà. Ojú Ìwé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn nígbà náà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò gbọdọ̀ la ẹnu pé báyìí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn, kí Tíṣà má bi í pé, "Ojú ìwé mélòó?" Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, orí ìdúró lo máa wà títí agogo fi máa lù.

Àdéhùn tó wà nílẹ̀ dùn mọ́ Tíṣà ju oyin lọ. Tí fíìmù bá parí, orúkọ rẹ̀ máa jáde gàdàgbà lójú sinimá, òun nìkan, láìsí orúkọ ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Olùdámọ̀ràn Lórí Ìwé. Ó ti sọ fún onígbàjámọ̀ rẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀. Ó ti sọ fún dókítà tó ń tọ́jú eyín, tòun ti irin lẹ́nu, tí dókítà náà ní kó jọ̀ọ́ kó kọ́kọ́ yanu dáadáa ná.

Ilé iṣẹ́ náà kò tóbi. Yàrá kan ni, tábìlì gígùn kan, àga mẹ́wàá tí mẹ́ta nínú wọn ń mì, àti fáànù kan tó máa ń ké bí ẹni pé wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Olùdarí fíìmù, ọmọkùnrin kan tó ga bí òpó iná, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí Tíṣà kọ́. Kẹ́ ẹ sì wá gbọ́ o: nínú gbogbo àwọn tó jókòó yí tábìlì náà ká, kò sẹ́ni tó ka ìwé náà. Olùdarí ka ìlà mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ẹni tó kọ eré sọ pé òun kà á nígbà kan rí, ṣùgbọ́n òun kò rántí ìgbà náà. Ọmọge tó máa ṣe ọmọ oníṣẹ́ aago wo àwòrán iwájú ìwé, ó ní bàtà obìnrin náà wu òun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá Tíṣà.

"Tíṣà," olùdarí wí, "òjò tẹ́ ẹ kọ́ wa yẹn ń yọ wá lẹ́nu, sà. A máa ti afárá pa fún odidi ọjọ́ kan, a máa wá ọkọ̀ tó ń gbé omi, a máa wá ẹni tó máa fọ́n ọn látòkè. Ṣé wọn ò lè pàdé nínú yàrá ni?"

"Nínú yàrá kẹ̀?" Tíṣà dìde. Ọ̀kan lára àwọn àga tó ń mì ló jókòó lé, àga náà sì bá a dìde díẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo kọ́ yín? Ọmọbìnrin yẹn sáré nínú òjò, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò dúró mú un, atukọ̀ gbé e sókè lórí afárá bí ọmọ ọwọ́. Òun ni ọkàn ìwé náà. Bí kò bá sí òjò, kò sí ìwé. Bí kò bá sí ìwé, ẹ yọ orúkọ mi kúrò."

Olùdarí sorí kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ kíláàsì kẹta. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fóònù ọlọ́kọ̀ omi. Tíṣà padà sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ láti ìgbà ìgbéyàwó ọmọ wọn àkọ́bí.

Lọ́jọ́ kejì ni aránṣọ tó ń rán aṣọ àwọn òṣèré ránṣẹ́ pè é. Yàrá tirẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó kún fún aṣọ tí wọ́n gbé kọ́, òwú fọ́n ká sílẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lójú fèrèsé. Obìnrin náà ti lé ní ogójì ọdún, ó fi téèpù kọ́rùn, ó di píìnì mẹ́ta mú láàárín ètè rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ja geere.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òjò tí wọ́n ní ó máa rọ̀ yìí, ojú ìwé mélòó ló wà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọge òṣèré tó ń wọn gáùn lọ́wọ́. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ìyá Aránṣọ?"

"Gáùn tó bá ti tutù, wọn ò lè fi ya àwòrán mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Olùdarí ní ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn máa ya òjò, gáùn mẹ́ta ni mo máa rán nìyẹn, bọ́tìnnì méjìlélọ́gbọ̀n ló sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìwé ní ó wọ̀ jáde. Ṣé ó wọ ẹ̀wù òtútù ni? Ṣé ó borí?"

"Ó wà lápá ìparí."

"Mo ti ka apá ìparí, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Ẹ̀dà oríṣiríṣi ló wà," Tíṣà wí, ó sì gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe tínrín. "Tèmi tó wà nílé ló pé. Màá fi hàn yín."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa gé aṣọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ náà. Tíṣà délé, kò bọ́ táì, ó fa ìwé rẹ̀ yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ìwé kìn-ín-ní títí dé nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo rẹ̀ ló fi bírò pupa kọ nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìwé náà funfun láúláú. Ojú ìwé méjì kan tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ra síbẹ̀, bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra látilé ìtẹ̀wé. Tíṣà wò wọ́n títí. Ó fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnì kan, kò rí ẹni tó máa fẹ̀sùn kàn.

Ẹ má sọ pé ọ̀dájú ni o. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ni pé lọ́dọọdún, táámù máa ń tán kí ìwé tó tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Tíṣà á pa ìwé dé, á gun etí tábìlì jókòó, á sì fẹnu sọ ìyókù fún wọn, òjò, bàtà, afárá, títí àwọn ọmọbìnrin iwájú á fi máa fọwọ́ nu ojú. Ó sọ ọ́ títí tó fi gbàgbé pé òun kò ka ibẹ̀ rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Tíṣà ti gba ogún ọdún kọjá, ó sì ti fi mọ́kànlá lé e, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ó wá jókòó, ó ń kàwé. Ó fi gbogbo Ọjọ́rú kà á, ó sì fi Ọjọ́bọ̀ kún un. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá.

"Ẹ ṣì ń kà á? Ṣebí ẹ ti mọ̀ ọ́n tán."

"Mò ń wá òjò."

"Òjò wo?"

"Òjò orí afárá. Tí ọmọbìnrin yẹn sáré, tí bàtà rẹ̀ bọ́, tí..."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé tíì náà sílẹ̀. "Ọkọ mi, olówó orí mi, inú ìwé kọ́ nìyẹn wà o! Sinimá ni. Sinimá àtijọ́ tí wọ́n fi ìwé yẹn ṣe, tí ẹ mú mi lọ wò nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi sọ́nà. Ẹ ra gúgúrú fún mi, ẹ sì jẹ ẹ́ tán fúnra yín. Ibi tí òjò yẹn ti ń rọ̀ gan-an lẹ ti di ọwọ́ mi mú. Àbí ẹ ti gbàgbé ni?"

Kò gbàgbé. Ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó rántí òkùnkùn ilé sinimá, ó rántí ọwọ́ obìnrin yìí bó ṣe gbóná nínú tirẹ̀, ó rántí pé òun rò lọ́kàn pé ìwé tó bá lè bí irú òjò báyìí, òun máa fi í kọ́ ọmọ èèyàn ní gbogbo ayé òun. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà nìkan ni kò mọ̀ sí i.

Ojú ìwé ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́jọ ló bá a. Oòrùn ló tilẹ̀ ń ràn níbẹ̀. Ọmọ oníṣẹ́ aago ka lẹ́tà atukọ̀, ó ká a, ó fi í sábẹ́ sísọ́ọ̀sì kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ó padà sí etí aṣọ ibùsùn tó ń rán. Aago lu mẹ́rin. Ó fi eyín já òwú, ó sì ki òmíràn sójú abẹ́rẹ́. Kò lọ síbì kankan. Tíṣà kà á, ó tún un kà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé ó dára. Ó dára ju òjò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá aránṣọ lórí ìdúró, aṣọ búlúù kan nà gbalaja lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí òjò," Tíṣà wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Oòrùn ló ń ràn."

"Ojú ìwé ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́jọ, sà."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, kí ló wá dé tí ẹ fi bi mí?"

Aránṣọ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti kà á báyìí ni."

Tíṣà kò tètè lóye. Ó wo ojú obìnrin náà bí èèyàn ṣe ń wo fọ́tò ìgbà èwe àwọn ẹlòmíràn.

"Èmi ni mo máa ń jókòó lójú fèrèsé ní kíláàsì karùn-ún, sà. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyá mi ra ìwé yẹn fún mi, mo sì kà á tán nígbà ọlidé. Nínú ìdánwò, ẹ ní ká ṣàlàyé ìpàdé orí afárá. Mo kọ ọ́ pé kò sí ìpàdé, pé obìnrin náà ò lọ, pé aṣọ ló ń rán. Ẹ fún mi ní òdo nínú ogójì. Ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, 'Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Lọ ka ìwé rẹ.'"

Ara Tíṣà bù máṣọ. "Kí ló dé tí ẹ ò wá bá mi, kẹ́ ẹ fi ìwé hàn mí?"

"Mo wá, sà. Mo mú ìwé dání. Ẹ ní kí n jáde, pé aláròóyé ni mí."

Bí ẹni ń ka ìwọ̀n ìbàdí oníbàárà ló ṣe ń sọ ọ́, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Máàkì yẹn ni kò jẹ́ kó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ló fẹ́ ṣe. Nígbà tí kò rí bí ó ṣe fẹ́, ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń ránṣọ, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní.

Ọmọ tí Tíṣà kọ́, ìwọ ló ń pè é, ìbáà tilẹ̀ ti di gómìnà. Ó fẹ́ pe èyí ní ìwọ, ẹnu rẹ̀ kọ̀. "Ẹ dárí jì mí," ló wí. "Mo ṣẹ̀ yín." Ìtìjú náà wọ̀ ọ́ lára débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Ẹ bá mi sọ fún olùdarí, sà," aránṣọ fèsì. "Mo fẹ́ gé aṣọ."

Ṣé ẹ rò pé olùdarí dúpẹ́? Ọkùnrin tó ń sunkún ọkọ̀ omi ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ti wá fẹ́ràn òjò ju àgbẹ̀ lọ. Wọ́n ti tẹ àwòrán ìpolówó: obìnrin kan lórí afárá, omi ń já bọ́ lórí rẹ̀ ṣòòròṣò, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé." Lábẹ́ ìyẹn ni orúkọ Tíṣà wà, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn.

"Kò sí nínú ìwé," Tíṣà wí. "Mo ṣì yín lọ́nà. Aṣọ ibùsùn ló ń rán."

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa! Gbogbo ìlú ló mọ òjò yẹn. Tí wọ́n bá débẹ̀ tí wọn ò rí i, wọ́n á ní a ò ka ìwé. Ta ló fẹ́ kúrò nílé rẹ̀ wá wo obìnrin tó ń ká etí bẹ́dìṣíìtì?"

"Yọ orúkọ mi kúrò nígbà náà."

"Orúkọ yín ni wọ́n fi gbà pé òótọ́ ni, sà." Olùdarí rí ojú àgbàlagbà náà, àánú sì ṣe é. "Ó dáa, ẹ má bínú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A máa ya ibi aṣọ rírán náà, kẹ́ ẹ lè fara balẹ̀."

Wọ́n yà á lóòótọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láàárín oúnjẹ àti ìsinmi. Ọmọge òṣèré jókòó sójú fèrèsé, ó gbé aṣọ ibùsùn lé ẹsẹ̀, ó sì gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó tan iná tán. Kò ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Wọ́n bá ní kí aránṣọ wọ apá gáùn náà, kí wọ́n ya ọwọ́ tirẹ̀ nìkan. Aránṣọ jókòó. Ó rán etí aṣọ náà láìwo kámẹ́rà, kékeré, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, bí ẹni tí kò ní ibòmíràn tó fẹ́ lọ. Tíṣà tó dúró lẹ́yìn iná rí i pé ètè obìnrin náà ń mì. Àwọn gbólóhùn ìwé náà ló ń sọ sínú. Fún àkókò yẹn, ọkàn Tíṣà fúyẹ́; ó ní ó kéré tán, eléyìí máa wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, gáùn mẹ́ta.

Nígbà tí fíìmù jáde, ẹsẹ̀ kò gbèrò ní gbọ̀ngàn sinimá. Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, aránṣọ jókòó ní ìlà tó tẹ̀ lé tiwọn. Lẹ́tà dé. Ọwọ́ tó ń ránṣọ jáde lójú sinimá, ọwọ́ tó tóbi bí ilé, ó gún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ọmọ oníṣẹ́ aago ju aṣọ ibùsùn náà sílẹ̀, ó pariwo orúkọ atukọ̀, ó sì já sínú òjò. Ìparí ìwé ojú ìwé ẹgbẹ̀ta ti di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, wọ́n sì fi í ṣe àtẹ̀gùn gun afárá. Gbogbo gbọ̀ngàn ń fọn imú. Ìyàwó Tíṣà wá ọwọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó dì í mú. Tíṣà kò mọ̀ bóyá kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ tàbí kó yọ ọ́.

Orúkọ rẹ̀ jáde, gàdàgbà, òun nìkan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùdarí pè é sórí pèpéle, ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́ pé kí Tíṣà àgbà sọ bí fíìmù náà ṣe bá ìwé mu tó.

Tíṣà wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ìdajì wọn ló kọ́. "Kò bá a mu," ló wí. "Obìnrin náà kò lọ sórí afárá. Ibi tí ẹ ti rí ọwọ́ yẹn ni ìwé parí sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ yín ní ohun tí n kò kà. Ẹnì kan wà nínú yín tó kà á, tó sọ ọ́, mo sì fi òdo san án fún un. Òun ló ni ọwọ́ yẹn."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, kó tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu àga, wọ́n ní Tíṣà mà ṣì lè dápàárá o, wọ́n ní ẹ wo bó ṣe mú ojú le bí ẹni pé òótọ́ ni. Wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tún sọ pé òótọ́ lòun ń sọ. Ìyẹn ló tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Olùdarí gbá a mọ́ra, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó padà sórí àga rẹ̀. Aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń kó báàgì rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó sì sọ ọ́ sí Tíṣà létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ká ní ọdún yẹn lẹ ti sọ ọ́ ni."

Ó gba àárín àwọn tó ṣì ń pàtẹ́wọ́ jáde, nítorí ó ní aṣọ tó fẹ́ gé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.